Ká Rán Ọmọ Níṣẹ́ Kọ́ Là Ń Pè Ní Ká Bá A Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ àti ti pàǹtírí wà lẹ́yìn ìwé. Ọ̀rọ̀ ọmọ la fi síwájú lọ́tẹ̀ yìí, torí ohun tí à ń gbọ́ láàárín ẹgbẹ́ wa kò dùn mọ́ wa nínú rárá.

Àwa obìnrin ọjà, ta ló fẹ́ kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ sísọ? Oníbàárà tó bá dúró níwájú igbá wa, kó tó lanu, a ti mọ̀ bóyá ó fẹ́ rà tàbí ó kàn ń yẹ ọjà wò. Bí inú ń bí i, a ó pè é ní "àǹtí mi", a ó béèrè àwọn ọmọ, títí ara rẹ̀ á fi rọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá délé ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí là ń bá ọmọ sọ? "Ṣé o ti fọ abọ́? Ṣé o ti pọn omi? Ṣéńjì mi dà? Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kó o lọ sùn." Ó parí. Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn? Tá a bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ báyìí, kò ní padà wá. Ọmọ náà kì í padà wá mọ́ o, bó tilẹ̀ ń sùn nínú ilé wa.

Ọ̀kan nínú wa, a ò ní dárúkọ, ẹnu aláta tó wà lódìkejì rẹ̀ ló ti gbọ́ pé ọmọ òun ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti oṣù méjì. Láràárọ̀ ló ń fún ọmọ lówó mọ́tò. Ọmọ á wọ yunifọ́ọ̀mù, á jáde. Bí ìyá bá béèrè pé ṣé wọ́n ṣe lẹ́sìn, á ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà." Nígbà tí a wá jókòó tì í, tí a fi sùúrù bi í, kí ló fà á? Ìṣirò ni kò yé e, tísà kan nà án níwájú kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ìyá lè lọ yanjú láàárọ̀ ọjọ́ kan ni!

Ẹ rántí ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de òògùn ikọ́ olómi tó ní codeine nínú. Orí rédíò ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn ọmọ ń mu òògùn ikọ́ bí ẹni mu ọtí. Kí ló dé tí rédíò fi ṣáájú wa mọ ohun tó wà lápò ọmọ wa?

Àwọn kan á ní fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Lóòótọ́, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti ilé ìwé pa lóṣù kẹta ọdún 2020, púpọ̀ nínú wa ló fi fóònù lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè fi kẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìwé ṣí, fóònù ò padà sọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dé láti ilé ìwé ní aago mẹ́ta, ta ló bá nílé? Fóònù ń dá a lóhùn. Fóònù kì í sọ pé "ó ti rẹ̀ mí, fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

A mọ èsì tí ẹ ó fọ̀: owó ilé ìwé àwọn ọmọ yìí kan náà là ń wá. Òótọ́ ni, àwa náà ń tà dalẹ́. A ò ní kí ẹnikẹ́ni tilẹ̀kùn ìsọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ wo bí a ṣe ń dá àjọ. Alájọ kì í dúró dìgbà tí owó bá pọ̀; díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, á fàlà sí káàdì, tó bá dìparí oṣù á di owó gidi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ tó, nígbà tí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo lóṣù lòun ó sọ gbogbo ẹ̀, ìwàásù ló máa ṣe, ọmọ á máa wo ògiri.

Ẹ má sì béèrè bí ọlọ́pàá. Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín: bí ọjà ṣe rí, ẹni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Tí ọmọ bá wá sọ ohun tó dùn yín wọra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kígbe. Ọmọ tá a kígbe mọ́ lórí àkọ́kọ́ kì í sọ èkejì. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó ń bá wa kiri ọjà náà wà nínú ẹ̀ o. Àwọn gan-an ni kì í rí ẹni sọ fún. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí lọ́wọ́ ìyàwó yín, a mọ̀ yín, "lọ bi ìyá ẹ" kì í ṣe èsì.

Ó wá kan ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣèpàdé, àríyànjiyàn a sì máa gbé e dé aago méje alẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí púpọ̀ nínú wa fi ń wà nílé nìyẹn! A fẹ́ kí ẹ gbà ká gbé e sí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tá a bá gbálẹ̀ ọjà tán, kí ìsọ̀ tó ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ kó ẹrù lọ́nà jíjìn lọ́jọ́ náà, ẹ wá sọ tiyín, ká mọ bí a ó ṣe ṣe é. Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò sí i.