Ta Ló Jẹ Ọmọdé Ní Gbèsè Abẹ́rẹ́ Àjẹsára?

Láti ọdún 2003 tí ìjọba Kano ti dá àjẹsára àrùn rọpárọsẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀sùn kan kò kúrò lẹ́nu àwọn kan: pé àìmọ̀kan ni kì í jẹ́ kí òbí, pàápàá òbí Mùsùlùmí, gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ. Wọ́n ti gbé ẹ̀sùn náà dé Mushin, Yaba àti Surulere. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ yẹ ẹ̀sùn yìí wò dáadáa.

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé méjì ní Nàìjíríà, 31 péré ló gba abẹ́rẹ́ wọn pé. 19 kò gba ẹyọ kan. Àwọn 50 tó kù ńkọ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kò parí. Ẹni tó kọ abẹ́rẹ́ kì í gbé ọmọ lọ rárá. Ìyá tó lọ lẹ́ẹ̀mejì tí kò lọ lẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan mìíràn ló dá a dúró.

Kí ni nǹkan náà? Ọjọ́ ìbí ni abẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀; ó tún di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, kí ó tó kan oṣù kẹsàn-án tí wọ́n ń gba ti èéyí àti ti ibà pọ́njú. Òtítọ́ ni pé ìjọba kì í ta abẹ́rẹ́ náà. Ta ni yóò wá san owó ọkọ̀? Ta ni yóò san èrè tí aláta kò rí ní Mushin láàárọ̀ ọjọ́ náà? Bí ó bá sì débẹ̀, wọ́n lè ní kí ó padà wá, nítorí ìgò abẹ́rẹ́ èéyí kan tó ọmọ mẹ́wàá, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́fà. Ìwádìí kan náà fi hàn pé ọmọ olówó àti ọmọ ìyá tó kàwé ló ń gba abẹ́rẹ́ pé jù. Ìṣẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ìjọba kò bọ́ nínú ẹ̀bi. Ní Yaba gan-an, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ń ṣe àjẹsára ibà pọ́njú àti ti ajá dìgbòlugi nígbà kan. Ní ọdún 1991 wọ́n tì í pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹni tó ti irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pa kò lẹ́nu láti pe aláta ní aláìmọ̀kan.

Ṣùgbọ́n kí àwọn bàbá má ṣe rẹ́rìn-ín. Bàbá tó ń rówó dá aṣọ ẹbí, tí kò rí owó ọkọ̀ abẹ́rẹ́, kí ni yóò wí? Bí ó bá ní kádàrá ni, Sayyidina Umar gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà nílẹ̀ Ṣámù, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Ta ni yóò sọ pé Umar kò gba kádàrá gbọ́?

Nítorí náà, kí ìmáàmù máa kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí àwọn ìyá asalátù máa bá ara wọn ṣọ́ ìsọ̀. Kí sàráà mọ́ṣáláṣí máa san owó ọkọ̀ fún aláìní. Kí àwọn ọ̀dọ́ sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí abẹ́rẹ́ wà ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé, tí ọlọ́jà lè ráyè.

Àmánà ni ọmọ. Ẹni tó fi í pamọ́ yóò béèrè rẹ̀. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Àmín.