Kí Wọ́n Tú Kúlọ́ọ̀ṣì Wò Kí Wọ́n Tó Gé Owó Awakọ̀



Ẹjọ́ kan wà tí kì í tán lórí tábìlì ẹ̀ka wa. Ẹjọ́ kúlọ́ọ̀ṣì ni. Ọkọ̀ yóò kó ẹrù kúrò nílé iṣẹ́ láàárọ̀, yóò dá dúró sójú ọ̀nà lọ́sàn-án, ẹ́ńjìnì ń ké, táyà kò yí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, máníjà ti kọ ìwé pé awakọ̀ ló jó kúlọ́ọ̀ṣì, àti pé láti ìparí oṣù ni wọn yóò ti máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ta ló wo abẹ́ ọkọ̀ náà? Kò sí. Ta ló bi awakọ̀ léèrè bí pẹ́dà ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró? Kò sí. Òórùn jíjó tí gbogbo èèyàn gbọ́ nìkan ni ẹ̀rí, òórùn náà ni wọ́n sì fi dá ẹjọ́.

Àwa kò fara mọ́ ọn. A kò sọ pé awakọ̀ kì í jẹ̀bi. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kúlọ́ọ̀ṣì tó bàjẹ́ ní ojú ọgbẹ́, ojú ọgbẹ́ náà sì máa ń sọ ohun tó ṣá a. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, dandan ni kó kọ́kọ́ wo ojú ọgbẹ́ yẹn, kí òṣìṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wò ó.

Nítorí àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọkọ̀ wíwà, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Kúlọ́ọ̀ṣì wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì. Pèléètì roboto kan ni, tí wọ́n lẹ ohun líle tó ń gbá nǹkan mú mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Flywheel ẹ́ńjìnì wà ní ojú kan. Irin tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pressure wà ní ojú kejì, sípíríǹgì rẹ̀ ló ń tẹ pèléètì mọ́ flywheel. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, pressure á jọ̀wọ́ pèléètì, agbára ẹ́ńjìnì kò ní dé ọ̀dọ̀ táyà mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, á tún dì í mú. Ìgbà tí kò tíì dì í mú tán, tí kò sì tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ tán, ni pèléètì ń fi ara ra irin tí ooru ń jáde. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì ra ara wọn kíákíá, ẹ ó mọ ohun tí à ń wí.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú sípánà. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń béèrè: ṣé kúlọ́ọ̀ṣì náà kọ̀ láti dì mú ni, tàbí ó kọ̀ láti jọ̀wọ́? Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "kúlọ́ọ̀ṣì ti lọ" ni gbogbo wa ń pe méjèèjì.

Èyí tó kọ̀ láti dì mú, ẹ ó mọ̀ ọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní gíà gíga, tí awakọ̀ tẹ iná láti gun òkè, tí ohùn ẹ́ńjìnì ròkè lójijì ṣùgbọ́n tí eré ọkọ̀ kò lé sí i. Òórùn ló ń tẹ̀lé e. Bí a bá fẹ́ dán an wò nínú ọgbà, a ó fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa, a ó rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀, a ó fi í sí gíà gíga, a ó tẹ iná díẹ̀, a ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, kúlọ́ọ̀ṣì ṣì ń dì mú. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan, pèléètì ti ń yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó; ẹni tó bá ń dán an wò léraléra, òun fúnra rẹ̀ ló ń jó o. Kí a sì rántí pé kúlọ́ọ̀ṣì tó gbóná lè máa yọ̀ lọ́sàn-án, kó sì tún dì mú nígbà tó bá tutù. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lálẹ́, ìyẹn kò sọ awakọ̀ di òpùrọ́.

Èyí tó kọ̀ láti jọ̀wọ́ yàtọ̀. Gíà kò ní fẹ́ wọlé, tàbí kó wọlé pẹ̀lú ariwo irin, pàápàá rìfáàsì. Kì í sábà ní òórùn. Ó lè jẹ́ wáyà kúlọ́ọ̀ṣì ló ti nà jù. Ó lè jẹ́ sìlíńdà ló ń jò, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù. Ọ́ìlì bíréèkì tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ máa ń fa omi mọ́ra, bí gbogbo ìdí ẹ́ńjìnì bá sì gbóná kọjá àlà ó lè hó, kí pẹ́dà rọ̀ wọlẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù, kó tún padà le nígbà tí ara ọkọ̀ bá balẹ̀. Nínú gbogbo èyí, pèléètì lè má ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Síbẹ̀, pèléètì tuntun ni wọn yóò rà, owó awakọ̀ ni wọn yóò fi rà á, àìsàn náà yóò sì wà níbẹ̀.

Ariwo pàápàá ní ìtumọ̀. Bó bá ń dún nígbà tí a tẹ pẹ́dà, tó dákẹ́ nígbà tí a gbé ẹsẹ̀ kúrò, release bearing ni kí a fura sí. Bó bá ń dún nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí pẹ́dà rárá, tó dákẹ́ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, kí a wo inú gíábọ́ọ̀sì.

Nígbà tí wọ́n bá wá sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà. Pèléètì tó jẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yíká ní ọgbọọgba títí tí ríbẹ́ẹ̀tì fi yọjú, ogbó ló gbó. Bí táyà ti ń jẹ ni kúlọ́ọ̀ṣì ń jẹ. Ta ló ń gba owó táyà tó gbó lọ́wọ́ awakọ̀? Pèléètì tó ṣì nípọn ṣùgbọ́n tí ọ́ìlì rin ín, oil seal ìdí ẹ́ńjìnì tàbí ti iwájú gíábọ́ọ̀sì ló ti bàjẹ́. Bí sípíríǹgì kéékèèké àárín pèléètì bá ti fọ́, ọkọ̀ náà ti jẹ ìyà ìjánu òjijì. Bí orí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín pressure bá jẹ wọnú, release bearing ti ń fara kàn wọ́n láìsinmi: yálà wọ́n so wáyà rẹ̀ le jù tí pẹ́dà kò ní àyè díẹ̀ lókè, tàbí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ sinmi lé e. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n wọn àyè òkè pẹ́dà kí wọ́n tó tú bóòtù kankan. Bí wọ́n bá ti tú u, ẹ̀rí ti sọnù. Flywheel tó ní àmì bí aró lójú, pèléètì dúdú tó ṣì nípọn, ooru tó pọ̀ lójijì ló ṣe é. Ìyẹn náà kò tíì dárúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ lè dá ooru sílẹ̀, ẹrù lè dá a sílẹ̀, pressure tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀ náà lè dá a sílẹ̀.

A ní láti yà bá àwọn mẹkáníìkì wa sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Asbestos ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀pọ̀ pèléètì àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọdún 1986 ni Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ti ṣe àdéhùn, ìkejìlélọ́gọ́jọ nínú àwọn àdéhùn rẹ̀, lórí ewu yìí. Ẹ má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹnu fẹ́ ẹ. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Oṣù méjì ni wọ́n ti yọ owó rẹ̀ kí ó tó mú ọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní ojú ń ti òun. A béèrè fún pèléètì àtijọ́, a sì rí i nínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìn wọ́ṣọ́ọ̀pù. Ríbẹ́ẹ̀tì kò tíì yọjú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló bò ó mọ́lẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìka. Nígbà yẹn, pèléètì tuntun tí wọ́n fi owó ọkùnrin náà rà ti ń yọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó pààrọ̀ oil seal. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ẹ wò ó pé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ra pèléètì méjì nítorí pé ó yá wọn lára láti rí ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi ju kí wọ́n rí ohun tó bàjẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra láti ojú kan ni kúlọ́ọ̀ṣì ń jìyà jù. Bí ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù bá di ìlọ́po méjì, ooru tí pèléètì yóò gbà mọ́ra ní gbígbéra kan náà á di ìlọ́po méjì, kódà bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá rọ̀ bí òwú. Lórí òkè, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ wá wo ọjà tí ọkọ̀ ń ná: láti Toll Gate dé abẹ́ afárá Ṣàngó nígbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta bá dí, ìgbà mélòó ni ọkọ̀ akẹ́rù ń gbéra tó tún ń dúró? Ẹni tó bá sì ti gba ọ̀nà Ṣàngó sí Ijoko lọ sí Agbádó rí lẹ́yìn òjò ńlá, tó wọ kòtò tó tún jáde, kò nílò kí a ṣàlàyé. Máníjà tó bá di ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́wàá sínú ọkọ̀ tọ́ọ̀nù márùn-ún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan kúlọ́ọ̀ṣì náà.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje mọ èyí dáadáa. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kaduna lọ́dún 1975 ni Ove Andersson, ará Sweden, fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà lọ́dún yẹn kan náà. Jean-Pierre Nicolas, ará Faransé, sì fi 504 mìíràn tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára jù gba ipò náà lọ́dún 1978. Bí ọkọ̀ eré bá wọlé láti pápá ìje tí kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń yọ̀, irú ìbéèrè tí a kọ sókè yìí ni mẹkáníìkì ń bi ẹni tó wà á: gíà wo ló wà, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, báwo ni pẹ́dà ṣe rí? Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni awakọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ṣé torí pé bíríkì ni tiwa ń kó ni awakọ̀ fi di ọ̀daràn?

Ó wá kan àwa fúnra wa. Àwọn kan wà nínú wa tí ẹsẹ̀ òsì wọn kì í kúrò lórí pẹ́dà láti Ijoko títí dé Ọ̀tà. Àwọn kan ń fi kúlọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò bíréèkì ọwọ́. Àwọn mìíràn ń fi gíà kejì gbéra pẹ̀lú ẹrù kíkún nítorí ìkánjú, tàbí kí wọ́n máa tẹ iná nínú ẹrẹ̀ títí èéfín fi yọ. Ẹgbẹ́ kò ní fi irọ́ gba irú wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bèèrè: bíréèkì ọwọ́ mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́? Bí tirẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ ní àárọ̀ kí o tó jáde, kí o sì fi déètì sí i.

Ní ti òfin, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tó jáde lọ́dún 1974 ṣì wà nínú ìwé òfin títí di òní. Abala karùn-ún rẹ̀ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tó yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tó bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ lébà ọ́físà, ní kíkọ sílẹ̀, ohun náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́ tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bàjẹ́. Gbogbo ohun tí wọn yóò yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó oṣù náà lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé òórùn tó.

Awakọ̀ danfo tó ń jíṣẹ́ owó ojúmọ́ fún onímọ́tò kì í sábà rí irú ààbò yìí, àdéhùn ẹnu ló sì sábà wà láàárín wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ọkọ̀: ta ni yóò ra kúlọ́ọ̀ṣì, ìgbà wo ni wọ́n sì fi èyí tó wà níbẹ̀ sí i.

Ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kò pọ̀. Kí awakọ̀ àti aṣojú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù ọjọ́ náà sílẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n fi kúlọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sí i pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Kí pèléètì àtijọ́ má sì kúrò ní wọ́ṣọ́ọ̀pù títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, kó má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Kó mú un wá fún akọ̀wé lọ́jọ́ kejì, kó sì bẹ ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kó má tíì gbé pèléètì náà tà fún àwọn oníirin.