Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Ilẹ̀ Títẹ̀ Ló Ṣáájú Mímú

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹni tó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969 yóò rántí Lápàdé, tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò yé tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà wò, “tẹ ilẹ̀” ló ṣáájú “mú” nínú rẹ̀. “Ìwádìí” náà, wíwá ìdí ọ̀rọ̀ ni. Ní tèmi, èdè wa ti la ètò iṣẹ́ náà sílẹ̀: kí á tọpa, kí á wádìí, kí á tó múni.

Ìtàn ìdásílẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ti èrò yìí lẹ́yìn. A gbọ́ pé Ògúnlọlá ọdẹ, tó tẹ̀dó sí abẹ́ igi àjàgbọn, rí èéfín lókèèrè. Ó tọ èéfín náà lọ, ó sì bá àwọn ọdẹ bíi tirẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa dáàbò bo ara wọn. Ká ní ó ta ọfà kí ó tó wádìí, àwọn tí yóò bá a tẹ ìlú dó ni ì bá pa.

Ohun tí SARS sọ iṣẹ́ yìí dà yàtọ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n dá ikọ̀ náà sílẹ̀ láti gbógun ti ìdigunjalè. Abẹ́ ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ń ṣèwádìí ọ̀ràn ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, irun dídì àti fóònù olówó ńlá lọ́wọ́ ọ̀dọ́ di ẹ̀rí ọ̀ràn lójú wọn. Àjọ Amnesty International ṣàkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn tí kò dín ní 82, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017 sí oṣù Èbìbí 2020. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 2020, ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi ìwọ́de tí wọ́n fi ń ta ko SARS. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n tú ikọ̀ náà ká.

Ẹlòmíràn á ní olè kì í dúró de ìwádìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá mú aláìṣẹ̀, olè gan-an ti ráyè sá lọ. Ìyà lè mú ènìyàn jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Kò lè sọ irọ́ di òtítọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí aláìṣẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi.

Ojú tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìmú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ múni, tó wá ń tẹ ilẹ̀ kiri lẹ́yìn, orúkọ mìíràn ni kí á wá fún un. Kì í ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.