Ẹ WỌ ABẸ́ MỌ́TÒ YÍN!

Mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ra ìwé yìí, mo sì kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tẹ́ ò ní dá a padà. Mo mọ̀ pé ewì lẹ ń retí lọ́wọ́ mi. Ewì kọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìjà ni.

Ibi ìpàdé wa ni ìjà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Mo dé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, ọ́ìlì kún èékánná mi. Ẹnìkan nínú wa, tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ní, "Kí lo lọ hú nílẹ̀?" Mo ní sàlẹ́ńsà mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ni mo tún ṣe. Ó ní, "Ìwọ! Ìwọ tó ń kọ ewì! Ṣé mẹkáníìkì ti tán nígboro ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara. Torí náà mo lọ kọ èsì mi sílẹ̀, òun nìyí.

Iṣẹ́ sàlẹ́ńsà tó bá jẹ́ ti bóòtì àti nọ́ọ̀tì, ẹ ṣe é fúnra yín nílé. Èyí tó bá jẹ́ ti iná, ẹ san owó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jó. Àmọ́ èyí tó wù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ mọ́tò yín, kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti orúkọ ẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ ohun tó ní, wọn á tú u tà lójú ẹ̀, á sì tún máa dúpẹ́.

Èmi gan-an dúpẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Corolla tòkunbọ̀ kan. Òun ló fi ń gbé ọmọ ẹ̀ méjì lọ síléèwé kó tó kọjá síbi iṣẹ́. Ní oṣù Kẹta 2025, mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi màlúù tí wọ́n fẹ́ pa. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo gbé e dé ibẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ṣíwèé. Ọ̀gá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ fìrí, ó ní, "Akọ̀wé, sàlẹ́ńsà yìí ti dí. A máa gé e, a máa jó o padà." Mo ní, "Kò burú, sà." Mi ò dìde. Mi ò bi í pé ibo ló dí, mi ò ní kó fi hàn mí. N45,000 ló gbà. Ariwo dákẹ́. Mo tún fún ọmọṣẹ́ ẹ̀ ní N1,000 pé kó fi ra omi tútù. Ẹ bá mi ti ara mi lójú.

Lát'ọjọ́ yẹn ni iná ẹ́ńjìnì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò kú mọ́. A pe ọ̀gá lórí fóònù, ó ní, "Sẹ́ńsọ̀ ni, ẹ má dá a lóhùn." A ò dá a lóhùn. Oṣù mẹ́rin kọjá, ariwo tún dé, èyí tó dé lọ́tẹ̀ yìí sì mú òórùn èéfín wọnú ọkọ̀. Àwọn ọmọ ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn ní gbogbo àárọ̀. Ìyá wọn rò pé iléèwé ni wọn ò fẹ́ lọ. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, mo tún fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ní N85,000. Kò sí owó yẹn nílé. Àìsí owó ló tì mí wọ abẹ́ mọ́tò o, kì í ṣe ìgboyà.

Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo òkè. Aládùúgbò wa kan ní irú mọ́tò kan náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ n wo abẹ́ tiẹ̀. Lábẹ́ tiẹ̀, páìpù tó ti ẹ́ńjìnì wá yọ ikùn kan bí akèrègbè kékeré. Lábẹ́ tiwa, páìpù gbọọrọ ni. Àpá iná kan níhìn-ín, àpá iná kan lọ́hùn-ún, ikùn ò sí láàárín. Wọ́n ti gé kátálíìsì lọ. Níbi tí mo ti ń kàwé lórí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ti gé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, bí èmi náà ò ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: nínú ikùn yẹn, ohun kan wà tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin. Wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium ra á lára fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí èéfín gbígbóná bá ń gba inú ihò wọ̀nyẹn kọjá, májèlé inú ẹ̀ á yí padà. Carbon monoxide á di carbon dioxide, bẹntiróòlù tí kò jó tán á di omi àti carbon dioxide. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Òun ló tan iná tí wọ́n ní ká má dá lóhùn! Mọ́tò ń kígbe olè, àwa ń sọ pé ariwo lásán ni.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe? Wọ́n ń tà á ni. Ní 2021, owó rhodium ju ìlọ́po mẹ́wàá owó wúrà lọ. Díẹ̀ bíńtín ló wà nínú ẹyọ kan, àmọ́ àwọn tó ń rà á mọ ohun tí wọ́n ń rà. Àwa tá a ni ín nìkan ni ò mọ̀.

Àwọn kan á ní, "Kátálíìsì ò wúlò ní Nàìjíríà, epo wa ló ń bà á jẹ́." Àtijọ́ lọ̀rọ̀ yẹn. Òjé inú bẹntiróòlù ló máa ń pa kátálíìsì, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní gúúsù Sàhárà sì ti pa bẹntiróòlù olójèé tì láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Ẹni tó bá ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi í pé tí kò bá wúlò, kí ló dé tó fi ń gbé e lọ?

Ó ku ọ̀rọ̀ orí fífọ́. Ojú jíjó méjèèjì yẹn, ọ̀kan ti lu. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà níbi tí páìpù méjì ti pàdé náà ti jó di eérú. Àárín mọ́tò ni èéfín ti ń jáde dípò ẹ̀yìn, ó ń gba ibi tó ti dógùn-ún nílẹ̀ ọkọ̀ wọlé. Carbon monoxide ò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó máa ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn tó yẹ ká mí sínú lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Orí fífọ́ ni ó fi ń kan ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà òòyì, lẹ́yìn náà oorun tí èèyàn lè má jí níbẹ̀. Ẹ rántí ọmọ méjì tí mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́, mo fọ́n ọ́ìlì sí gbogbo nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, mo jẹ́ kó sùn mọ́jú. Láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, tí mọ́tò wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, mo fi òkúta há táyà, mo fi jáàkì gbé e. Ẹ gbọ́ o: jáàkì nìkan ò tó, bulọ́ọ̀kù sì máa ń fọ́ lójijì. Sítáńdì irin méjì ni mo lọ yá. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo yọ wáyà sẹ́ńsọ̀, mo tú páìpù iwájú sílẹ̀. Ìdajì ọjọ́ ló gbà mí, ìka méjì sì bó. Páìpù nìkan ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, mọ́tò dúró sílé. Mo dúró tì í títí tó fi jó ojú tó lu yẹn. N5,000 ló gbà, mo san án tayọ̀tayọ̀.

Àpótí ẹ̀yìn ti jẹ run. Mo ra èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Táíwàn, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò gan-an, ní N34,000. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti bóòtì tuntun jẹ́ N6,000. Mo fi omi ọṣẹ pa rọ́bà tó ń gbé àpótí rọ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dè é tán, a ṣíná níta gbangba, ọ̀rẹ́ mi fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀, mo tẹ́tí sí gbogbo oríkèé bóyá èéfín ń sú jáde. Kò sí. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ N45,000. Kò tilẹ̀ wọnú N85,000 dáadáa.

Ẹnìkan á ní, "Ò ń gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì." Rárá o. Mo sanwó fún wẹ́dà, mo rajà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Oníṣẹ́ tó ń ṣe òótọ́ kì í bẹ̀rù oníbàárà tó ń wo abẹ́ mọ́tò ẹ̀. Olè nìkan ló fẹ́ kí akọ̀wé jókòó jẹ́ẹ́ sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹnìkan á ní ó léwu. Ó léwu lóòótọ́. Ẹni tí kò bá rí sítáńdì, kó má wọ abẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ náà léwu, òun ló ń pa èèyàn látinú ọkọ̀ tí ariwo ẹ̀ ti dákẹ́.

Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ yìí ò yẹ akéwì. Ẹ̀yin ni mo ń bá jà jù! Kò sí sáà tá a gbé ìwé yìí jáde tí ewì Ògún ò sí nínú ẹ̀. Ògún báyìí, Ògún bọ̀hún, Ògún onírin. Ẹ gbé sípánà lé wọn lọ́wọ́, wọn ò mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí iwájú. Ta lẹ wá ń kì? Àwa tá à ń kọ́ èdè Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tá ò bá mọ orúkọ ẹ̀, a ò lè bèèrè ẹ̀ tó bá sọ nù. Ká ní mo mọ "kátálíìsì" ní oṣù Kẹta, ẹnì kan ì bá má lè gé e lẹ́yìn mi.

Mi ò borí o. Iná ẹ́ńjìnì ṣì ń tàn, torí kátálíìsì tí wọ́n gbé lọ ò tíì padà. À ń tọ́jú owó fún un. Ṣùgbọ́n orí ò fọ́ àwọn ọmọ náà mọ́, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n foríjì mí.

Ìwọ tó o rẹ́rìn-ín níbi ìpàdé, mọ́tò tí bàbá ẹ fi gbé ẹ wá síléèwé ní sáà yìí, mo gbọ́ igbe ẹ̀ láti ẹnu géètì. Tó o bá délé, yá páálí. Wọ abẹ́ ẹ̀. Tó o bá nílò sítáńdì, mo mọ ẹni tó lè yá wa.