Ta Ló Ni Owó Abúlé?

 

Ìyá kan wà ládùúgbò wa níbí, ọmọ Zarma ni. Láìpẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ wá. Abúlé ló bí ọmọ náà sí, nítorí náà ó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Akọ̀wé kọ́múùnù wọn kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó sì sọ fún un pé ìwé tí àwọn fi ń kọ orúkọ ọmọ ti tán, owó tí àwọn yóò fi ra òmíràn kò tíì dé. Ọwọ́ òfo ló fi padà. Nígbà tó ń ròyìn fún mi, èdè Hausa la jọ ń sọ, mo bi í pé níbo ni owó náà ti ń bọ̀. Ó ní, "Ìyá Báyọ̀, níbí náà ni, ní Niamey. Bí wọ́n bá ṣàánú wa, wọ́n á fi ránṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ "àánú" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, kọ́múùnù níbí dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó lé ní 250 kọ́múùnù tó wà ní Nìjẹ̀r, ìgbèríko sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Ní oṣù keje ọdún 2004 ni aráàlú kọ́kọ́ dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ tí ó kan ilé gbogbo ló wà lọ́rùn wọn: ìwé ọjọ́ ìbí, kànga, ọjà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń rí kó jọ fúnra wọn? Owó ọjà, owó ẹran tí wọ́n tà, àti owó orí díẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀, tàbí tí àwọn agbébọn kò jẹ́ kí wọ́n ná ọjà, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Tillabéri, àpò kọ́múùnù gbẹ nìyẹn.

Kì í ṣe pé òfin kò rò wọ́n. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń wa yùréníọ̀mù ní Arlit. Ní ọdún 2006, òfin ohun àlùmọ́ọ́nì sọ pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba láti ibi ìwakùsà gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn kọ́múùnù agbègbè tí wọ́n ti wà á. Ní 2008, òfin mìíràn dá àjọ ANFICT sílẹ̀ láti máa gbé owó ìdàgbàsókè dé ọ̀dọ̀ wọn. Síbẹ̀, ohun tí àwọn kọ́múùnù ń wí kò yí padà: owó náà ń pẹ́, kì í sì í pé.

Iṣẹ́ èdè ni mo ń kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí. Rétrocession ni Faransé ń pe owó yìí, ìyẹn ni pé kí a dá nǹkan padà. Ta là ń dá nǹkan padà fún bí kò ṣe ẹni tó ni ín? Òfin fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Kì í ṣe àánú, kì í ṣe ọrẹ.

Lọ́dọ̀ yín ní Nàìjíríà, "pínpín" lẹ ń pè é. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ṣùgbọ́n àpò kan náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni owó wọn ń gbà kọjá, ẹni tó di ẹnu àpò mú ló sì ń sọ iye tó máa jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá dájọ́ pé gómìnà kankan kò gbọ́dọ̀ mú owó ìjọba ìbílẹ̀ dání mọ́, àti pé ìgbìmọ̀ tí aráàlú kò dìbò yàn kò gbọ́dọ̀ gba owó náà.

Ẹ ṣàkíyèsí apá kejì ìdájọ́ yẹn. Níbí, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù keje 2023, wọ́n tú àwọn ìgbìmọ̀ kọ́múùnù ká ní 2024, wọ́n sì yan alábòójútó sípò wọn. Ẹni tí Niamey yàn, ṣé yóò lè kọjú sí Niamey pé, "Owó wa dà?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Owó àti ohùn, ìbejì ni wọ́n. Bí o bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ abúlé, èkejì kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Niamey kò lè mọ ọmọ tí wọ́n bí lánàá ní abúlé, abúlé náà kò sì lè wa yùréníọ̀mù fúnra rẹ̀.

Kí wá ni tiwa? Níbikíbi tí ẹ bá wà, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún tàbí ìgbéyàwó, ẹ yà sí ọ́fíìsì ìbílẹ̀ yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè iye tó yẹ kó dé, iye tó dé, àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹ ní kí wọ́n kà á fún ìlú ní èdè tí ìyá arúgbó gbọ́. Níbí, Faransé ni wọ́n ń kọ ìṣirò owó. Lọ́dọ̀ yín, Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ka owó rẹ̀, bó ṣe máa pe ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní àánú nìyẹn.

Aládùúgbò mi tún ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún un kí ó má tọrọ. Kí ó béèrè.