Ìbò Ọ̀tọ̀, Dídì Rẹ̀ Ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ní Ìjerò, ní Arámọ̀kọ, ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè àti ní gbogbo ìletò tí ó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré nínú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni, èyí tí ẹnu wa ti sọ di fóòtù. Ó ti mọ́ tọmọdé tàgbà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí olóṣèlú bá dìde láàárín ọjà láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ohun tí yóò wí ni pé, "Ẹ fóòtù fún mi, ẹ má fi fóòtù yín ṣòfò." Nínú gbólóhùn kan náà, ó ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ méjì: èkínní jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohun méjì ni wọ́n ní tòótọ́, èdè Yorùbá sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè pàdánù ọ̀kan, kí ó sì máa rò pé méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn Gẹ̀ẹ́sì. Bí èdè náà ti rí ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n fi ń pe ijó náà ni wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn ń jó. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní àtijọ́. Ní ayé ìgbà tí àwọn Òyìnbó ń sọ ògbólógbòó Gẹ̀ẹ́sì, lufu ni ìfẹ́, lufian sì ni kí a fẹ́ràn. Nígbà tí ó pẹ́, ìparí àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, títí méjèèjì fi di love kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà wá, ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn ni ó ń fi hàn bóyá ìṣe ni tàbí orúkọ.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í fi orí lásán wọ àwùjọ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó gbọ́dọ̀ dé fìlà kí ó tó wọlé. A ń jó, ṣùgbọ́n ijó ni orúkọ rẹ̀. A ń fẹ́ràn ènìyàn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Láti ara kọ́ ni a ti rí ẹ̀kọ́, ìkọ́ni, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá sì fẹ́ dárúkọ ìṣe náà gan-an, a ó sọ ọ́ ní ìlọ́po, a ó ní kíkọ́. Ẹ wo bí ẹnu àwa ará Èkìtì náà ti ń pa òfin yìí mọ́: níbi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń wí pé ilé àti ilẹ̀, àwa a máa wí pé ulé àti ulẹ̀. Fìlà náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n a kò fi orí sílẹ̀ láìdé e.

Àwọn baba wa kò kọ ọ̀rọ̀ àjèjì. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n wọ́n ní gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n gba fọ́tò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ya fọ́tò. Wọ́n gba mọ́tò, ṣùgbọ́n wọ́n ní wa mọ́tò. Ohun tí ó wọ̀lú ni wọ́n gbà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ìṣe náà wà ní Yorùbá síbẹ̀. Bí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkọ̀gòsì nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń ṣàn pọ̀ tí ọ̀kan kò sì pa èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wí pé òun páàsì, nígbà tí yege wà. Tí akọ̀wé bá ní kí a sáìnì ìwé, nígbà tí fọwọ́ sí wà. Tí olóṣèlú sì ní kí a fóòtù, nígbà tí dìbò wà, èyí kì í ṣe àlejò mọ́. Ẹni tí ó lé onílé síta ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í bímọ. Láti ara dìbò ni a ti rí ìdìbò, olùdìbò, àpótí ìbò, ìwé ìdìbò, àti àtúndì ìbò tí àwọn oníròyìn fi ń pe ìdìbò tí a tún dì. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan gbìyànjú láti bí irú ọmọ wọ̀nyí láti ara fóòtù, kí a wò ó.

Ìbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Kí àpótí ìdìbò tó dé ilẹ̀ wa ni ìbò ti wà nídìí Ifá. Bí ẹni tí ó wá dá Ifá bá fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, babaláwo a fún un ní owó ẹyọ àti eegun. Onítọ̀hún a pín wọn sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, a sì pa ọwọ́ náà dé, láìjẹ́ kí babaláwo mọ èyí tí ó wà ní ọ̀tún tàbí ní òsì. Ifá ni yóò mú ọwọ́ kan. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, dé ibi tí a gbé yan Màtíà rọ́pò Júdásì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, wọn kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn: dìbò ni wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò pàápàá ní irú ìpilẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí láti inú votum ti èdè Látìn ni ó ti wá, èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn jẹ́ níwájú ọlọ́run rẹ̀. Lọ́nà méjèèjì, ohun ọ̀wọ̀ ni. Ti Yorùbá sì fi ohun kan kún un: àṣírí ni ìbò láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tí ó dì í nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ìyàtọ̀ yìí ti ṣe láàárín wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin ní Nàìjíríà ní 1923, ènìyàn mẹ́ta péré ni Èkó yàn, tí Calabar sì yan ẹnìkan. Àwọn ọkùnrin tí ń rí £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Kò sí ìbò fún Ìjerò, kò sí fún Arámọ̀kọ, kò sí fún Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi jà kí ìṣe yìí tó di ti gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, lọ́lọ́rọ̀ ló tálákà.

Ọwọ́ wa tẹ ìṣe náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ògúṣu 1983, a rí i pé ènìyàn lè ní ọ̀rọ̀-ìṣe kí ó má ní ọ̀rọ̀-orúkọ. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì wà nígbà náà. Àwọn ènìyàn jáde, wọ́n tò, wọ́n tẹ̀ka. Àjọ elétò ìdìbò kéde pé Olóyè Akin Ọmọ́bóríowó, ọmọ Ìjerò, ni ó borí gómìnà tí ó wà lórí oyè, Olóyè Adékúnlé Ajásin. Inú bí àwọn ènìyàn. Iná sọ, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná. Nígbẹ̀yìn, ilé ẹjọ́ dá ipò náà padà fún Ajásin, ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun ti gbàjọba. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tún wáyé: ìdìbò oṣù Igbe 2007 lọ sí ilé ẹjọ́, a ṣe àtúndì ìbò ní àwọn àdúgbò kan ní 2009, ó sì di ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà 2010 kí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlọrin tó kéde Dókítà Káyọ̀dé Fáyẹmí. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni a fi wá ìbò kan tí a ti dì. Dídì wà, ìbò ni kò sí.

Ní 2018 ni a rí òdìkejì rẹ̀. Kí ìdìbò gómìnà ọjọ́ 14 oṣù Agẹmọ tó dé, gbólóhùn kan ti gba ìgboro Èkìtì kan, ó sì tàn dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá: "Dìbò kó o sebẹ̀." Àwọn alámòójútó ìdìbò ròyìn pé a ń fi owó ra ènìyàn ní ibùdó ìdìbò, àti pé àwọn kan ń gbé ìwé ìdìbò wọn sókè kí aṣojú ẹgbẹ́ lè rí ibi tí wọ́n tẹ̀ka sí kí ó tó sanwó. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ kì í mì ní ikùn àgbà. Lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ mì, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. A ka ìwé náà, iye rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ta ni ó dì í? Ẹni tí ó sanwó ni, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó kàn fi ṣe é. Ìbò wà, dídì ni kò sí.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ẹ dákun, Yorùbá pọ́ńbélé ni 'Dìbò kó o sebẹ̀', kò sí fóòtù kankan nínú rẹ̀. Kí ni èdè ṣe fún wa?" Òtítọ́ ni ó sọ, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Èdè tí ó mọ́ kò lè fọ ọwọ́ tí ó dọ̀tí. A kò wí pé ẹni tí ó bá sọ dìbò kò lè ta ìbò rẹ̀. Ohun tí a wí ni pé èdè wa ti fún wa ní ìbéèrè méjì níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fún wa ní ẹyọ kan. Ẹni tí ó ní fóòtù nìkan yóò béèrè pé, "Ṣé o ti fóòtù?" Bí a bá dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tán. Ẹni tí ó ní ìbò àti dì yóò béèrè pé, "Ta ni ó dì í?" yóò sì tún béèrè pé, "Níbo ni ìbò náà wà nísinsìnyí?" Ìlú tí ó bá ń béèrè méjèèjì, yóò ṣòro láti rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn aṣòfin pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ ọ̀nà méjì yìí. Nígbà tí a dìbò ní Èkìtì ní ọjọ́ 18 oṣù Òkúdu 2022, tí Ọ̀gbẹ́ni Bíọ́dún Oyèbánjí, ọmọ Ìkọ̀gòsì ní agbègbè wa níhìn-ín, fi wọlé, ẹ̀rọ BVAS yẹ ìka tàbí ojú olùdìbò wò, kí a lè mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó wá. A sì gbé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí ó dìbò lè tọ ipasẹ̀ ìbò rẹ̀. Òfin Ìdìbò 2022 sì fi ìtanràn tí ó tó ₦500,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì, lé orí ẹni tí ó bá fi owó ra olùdìbò àti ẹni tí ó bá gbà á. Síbẹ̀, a tún gbọ́ ìròyìn owó lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ lè mọ ojú. Kò lè mọ̀ bóyá ọkàn tí ó wà lẹ́yìn ojú náà ti di ti ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ọwọ́ yín ni a fi iṣẹ́ yìí lé. Bí ẹ bá dé ibi ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ má fi mọ sórí jó àti ijó. Ẹ kọ dì sí apá kan pátákó, kí ẹ kọ ìbò sí apá kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù láti ara wọn. Ẹ kọ́ wọn pé ẹni tí ó ń dì gbọ́dọ̀ jẹ́ òmìnira, àti pé ohun tí a dì gbọ́dọ̀ dé ibi kíkà láìyingin. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá bi yín léèrè ohun tí ẹ lọ ṣe ní ibùdó ìdìbò, ẹ sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ ní èdè wa. Ẹ ní kí a dìbò fún yín, kí ẹ sì fi ìbò sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ọmọ tí ó jẹ́ ọdún mẹ́wàá lónìí yóò di olùdìbò ní ọdún mẹ́jọ sí i. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá ti ilé àti ilé-ìwé mọ̀ pé ìbò ọ̀tọ̀, dídì rẹ̀ ọ̀tọ̀, kò sí ẹni tí yóò gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní fura. Kí Olódùmarè fún wa ní ọwọ́ tí ń dì láìbẹ̀rù, kí Ó sì jẹ́ kí ohun tí a bá dì jẹ́ tiwa. Àmín.