Ọ̀rọ̀ Wẹ́wẹ́ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Asán

   

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ẹ rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn kan nínú wa dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ṣe òfin lórí gúrúùpù WhatsApp wa. Wọ́n ní owó ẹgbẹ́, ọjọ́ ìpàdé, ìkéde òkú àti iye tí wọ́n ń ta ọjà nìkan ni ká máa gbé síbẹ̀. Wọ́n ní "ẹ kú àárọ̀" ti pọ̀ jù, ẹ̀rín ti pọ̀ jù, fọ́tò fìlà òwú ti pọ̀ jù. Èmi ni akọ̀wé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, n ò fi kún un, n ò yọ níbẹ̀. Akọ̀wé kì í dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń kọ̀wé ìpàdé. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé yìí, ẹnu ara mi ni mo fi ń sọ̀rọ̀: n ò fara mọ́ òfin yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tí wọ́n ń bá wí. Àwọn tó ń hun òwú ni. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn, ohun tó ń dùn mọ́ wọn ni. Tí oòrùn bá ti mú, láàrin aago méjì sí mẹ́rin, tí oníbàárà ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, elélùbọ́ á gbé àpótí ẹ̀ jáde, aláta á gbé tiẹ̀, oníbàtà náà á wá. Wọ́n á jókòó sábẹ́ òrùlé kan, wọ́n á yọ òwú wúlù àti abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu bí ìwọ̀ jáde. Kúróṣè ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan ń hun fìlà ọmọ tuntun, èkejì ń hun báàgì, ẹ̀kẹta ń tú èyí tó hun lánàá nítorí pé ó wọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí kálukú ti délé, wọ́n á ya fọ́tò ohun tí wọ́n hun, wọ́n á gbé e sórí gúrúùpù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

"Àlájà, apá kan fìlà yìí ga ju èkejì lọ o."

"Àbúrò, ṣé n ò ní sùn ni? Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn ń dùn yín, Àlájà? Láti ìgbà wo?"

Ṣé ẹ rí i? Orí fìlà la ti bẹ̀rẹ̀, ara ẹni la bá a dé.

Mo mọ ohun tó ń dun àwọn tó fẹ́ ká dá a dúró. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Dátà wọ́n. Ẹni tó ń wá iye tí wọ́n ń ta àpò gàrí á tẹ fóònù títí kó tó rí i láàrin "àmín" rẹpẹtẹ. Àwọn kan ń gbé ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí wá, wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí oore lè wọlé. Àwọn míì ń gbé àgbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ orísun ẹ̀ wá. Ó tún ní ọjọ́ tí oníbàárà dúró lórí ìdúró, tí ẹni tó ni ọjà ń ka ojú òwú. Gbogbo ìyẹn ni mo gbà. Ṣùgbọ́n tí eèrà bá wọ inú ṣúgà, eèrà la máa ń ṣà, a kì í da ṣúgà nù.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. N ò ní dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ìyá yìí mọ fìlà ọmọ hun dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ó gbé fọ́tò fìlà kan wá, ó ní búlúù àti funfun lòun fi hun ún. Gbogbo wa rí i pé òwú dúdú ló fi sí ibi tó pè ní búlúù. Àwa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ṣé fìlà ọlọ́pàá lẹ hun fún ọmọ yìí ni?" Òun náà rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún gbé òmíràn wá, dúdú náà ló tún wà níbẹ̀, àwọn ojú òwú kan sì ti fò. Àwọn yòókù tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n aláta kan nínú wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Irú ẹ̀ ti ṣe ìyá tó bí i lọ́mọ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aláta yìí lọ bá ìyá náà ní ìsọ̀ ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ṣé ojú yín kì í ṣe bàìbàì?" Ìyá náà bú sẹ́kún. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń rí ayé bí ẹni tó ń wo inú èéfín. Náírà gan-an, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Kò sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀, kò sì sọ fún wa ní ìpàdé. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ dìde láàrin ọ̀pọ̀ èèyàn, kóun ní òun ò ríran dáadáa mọ́? Tí àwọn oníbàárà bá gbọ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá ń fi ayédèrú owó sanwó fóun ńkọ́?

Ohun tó burú jù ni pé ọkùnrin kan tó ń kiri ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun á fi abẹ́rẹ́ ti ohun tó bo ojú náà kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ lòun á gbà. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣọ́ra fún irú àwọn wọ̀nyẹn. Àìsàn ojú yìí, kàtáráàtì làwọn dókítà ń pè é. Ohun kan wà nínú ẹyinjú tó dà bí dígí. Tó bá ti ṣú, ìmọ́lẹ̀ ò ní ráyè wọlé dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi ń ṣá lójú ẹni, tí búlúù fi ń jọ dúdú. Iṣẹ́ abẹ ló ń wò ó: wọ́n á yọ èyí tó ti ṣú, wọ́n á fi dígí tuntun sí i. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ gún un kò yọ nǹkan kan, ó kàn ń tì í sẹ́yìn sínú ojú ni, ọ̀pọ̀ ojú ló sì ń fọ́ pátápátá níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ojú mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe nítorí kàtáráàtì, bíi mẹ́rin ló jẹ́ pé àwọn alábẹ́rẹ́ yìí ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí wa rárá.

Àwọn ahunwú gbá ìdí ìyá yìí mú. Ẹni tó lówó dá owó. Ẹni tí kò lówó bá a jókòó ti ọjà ẹ̀. Ẹni méjì tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ílọrin. Wọ́n ti ṣe ojú kan, èkejì ń bọ̀ lágbára Ọlọ́run. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé fọ́tò fìlà wá, búlúù ti padà di búlúù. Ẹ jẹ́ n bi yín o: ká ní òfin tí ẹ fẹ́ ṣe yìí ti wà nígbà náà, níbo la ti máa rí fọ́tò fìlà yẹn?

Ẹ tún jẹ́ ká rántí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018. Ọ̀fà ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì wa, ẹ̀mí tó lé ní ọgbọ̀n ló bá a lọ, àwọn ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú wà níbẹ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ wa wà níbẹ̀, ẹni tó san owó àti ẹni tó jẹ gbèsè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ò lè sọ fún mi ta ló lọ sí báńkì nírọ̀lẹ́ yẹn. Àwọn tó máa ń bá ara wọn tàkùrọ̀sọ ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ní, "Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ fi owó ránṣẹ́ sí oníṣu." Òmíràn dáhùn pé, "Rárá, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ilé ló gbà lọ." Wọ́n ń pe ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ọkàn fi balẹ̀. Ìwé mi mọ owó tí kálukú san, kò mọ ibi tí kálukú wà.

Ẹni tó bá ní kò sí ohun tí obìnrin tó jókòó ti òwú lè dá sílẹ̀, ẹ jẹ́ n mú un lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1932, Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, Abeokuta Ladies' Club. Àwọn obìnrin tó kàwé ló pọ̀ nínú ẹ̀. Aṣọ rírán, iṣẹ́ ọwọ́ àti fàájì ni wọ́n ń bá pàdé, kò sí ìjà kankan níbẹ̀. Nígbà tó di bí ọdún 1944, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà bíi tiwa, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Níbi tí àwọn ọlọ́jà jókòó sí tí wọ́n ń kọ́ A, B, D ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu wọn: pé wọ́n ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn lọ́wọ́ nítorí ogun Hitler, pé owó orí ń pọ́n àwọn lójú. Ẹgbẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì títí wọ́n fi dá a dúró. Ní 1946, orúkọ yí padà, ó di Abeokuta Women's Union. Àwọn obìnrin yìí ló ṣe ìwọ́de lórí owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi fi orí oyè sílẹ̀ ní 1949, kó tó padà wá ní 1950. N ò ní ká lọ bá ọba kankan jà o, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ mi gba ibòmíì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdí iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ti mọ ara wọn kí ọ̀rọ̀ ńlá tó dé.

Ti ayé òde òní náà wà. Obìnrin Nàìjíríà kan tó ń gbé ní Chicago ní Amẹ́ríkà, Lola Omolola, dá gúrúùpù obìnrin kan sílẹ̀ lórí Facebook ní 2015, FIN ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó fi di 2017, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ẹnì kan á sọ ohun tó ń ṣe é, àwọn yòókù á gbọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ bú u. Ó yẹ kí àwa tí a jọ ń jókòó nínú ọjà kan náà lè ṣe ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo fi síwájú yín nìyí.

Èkíní, ẹ jẹ́ ká ní gúrúùpù méjì. Ọ̀kan fún ìkéde, àwọn olóyè ẹgbẹ́ nìkan ni yóò máa kọ nǹkan síbẹ̀. Èkejì fún ìtàkùrọ̀sọ, ẹni tó bá wù ú ni kó wọ̀ ọ́.

Èkejì, tí oníbàárà bá ti dé, kí abẹ́rẹ́ àti fóònù wá sílẹ̀. Tó bá sì ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ jẹ́ ká sùn.

Ẹ̀kẹta, kò sí "fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá", kò sí àgbo tí a ò mọ ẹni tó sè é. Kò sí kí a gbé gbèsè ẹlòmíràn síta. Ohun tí ẹnì kan bá sọ fún wa, ọ̀dọ̀ wa ni kó kú sí.

Ẹ̀kẹrin, tí ẹnikẹ́ni bá tọrọ owó lórí gúrúùpù, ẹ pè é kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àwọn olè ń gba WhatsApp onílé mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á wá máa fi orúkọ ẹ̀ tọrọ owó.

Ìkarùn-ún, ẹni tí a ò bá gbúròó ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ fara kanra lọ wò ó nílé. Àwọn Àlájà wa tó jẹ́ pé fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, ẹ má gbàgbé wọn. Kí ẹnì kan máa ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí, kẹ́ ẹ sì fi àyè àpótí sílẹ̀ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń hun òwú.

Àwa ọmọ Ọ̀fà, gbogbo ayé mọ̀ pé ìjàkadì lorò wa. Ṣùgbọ́n nínú ìjàkadì náà, ẹni tó bá ṣubú kì í sùn sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹnì kan á nawọ́ sí i. A ò lè nawọ́ sí ẹni tí a ò mọ̀ pé ó ti ṣubú. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, nígbà tí Ìyálọ́jà bá bi wá pé ta ló fara mọ́ òfin yìí, ẹ rántí fìlà búlúù tó di dúdú, kẹ́ ẹ tó nawọ́ sókè.

Ọjà á tà o, ajé á jẹ́ tiwa.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé.